Ìlù Tó Gbé Ẹsẹ̀ Bàbá Mi Kúrò Lójú Irin

Òórùn láfún tí oòrùn ń gbẹ, òórùn kíkan tó máa ń wọ aṣọ tí kì í jáde bọ̀rọ̀, ni mo fi ń rántí ibi tí ẹsẹ̀ bàbá mi ti kọ̀ láti gbéra láàárín irin méjèèjì, tí ọkọ̀ ojú irin sì ń fọn fèrè bọ̀. Ẹ̀bá Inísà ni, lọ́sàn-án gangan. Ọkọ̀ náà kì í sábà gba ibẹ̀ mọ́. Ìyẹn ló jẹ́ kí àwọn obìnrin máa sá láfún sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin, tí ewúrẹ́ sì ń sùn lórí òkúta rẹ̀. Bí o bá ti gbé àdúgbò wa rí, o mọ̀ pé ọ̀nà oko lásán la ń kà á sí.

Bàbá mi ti lé ní àádọ́rin ọdún nígbà náà. Ọ̀gá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì sí ilé wa ní Ìkìrun. Ènìyàn fìrìgbọ̀n ni wọ́n, tí ohùn wọn máa ń dé ẹnu géètì ilé-ìwé kí àwọn fúnra wọn tó dé. Ọdún kẹta nìyẹn tí àìsàn kan ti ń mú ọwọ́ wọn gbọ̀n, ṣùgbọ́n ọwọ́ kọ́ ló ń kó wa lọ́kàn sókè, ẹsẹ̀ ni. Wọ́n á ń rìn bọ̀ láti yàrá, bí wọ́n bá dé ẹnu ọ̀nà, ẹsẹ̀ á lẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni pé wọ́n fi sìmẹ́ńtì mọ ọ́n. Wọ́n á máa wò ó bí ẹni ń wo ọmọ aláìgbọràn. "Mo ní kó lọ," wọ́n á sọ fún mi, "kò lọ." Dókítà ní ọpọlọ ni kò rán iṣẹ́ sí ẹsẹ̀ dáadáa mọ́. Àwọn ará àdúgbò ní ọwọ́ ayé ni.

Lọ́jọ́ náà, Òkukù la ń lọ, sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin tó ti ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta pé òun fẹ́ fojú kan àbúrò òun. Mo tọrọ àyè níbi iṣẹ́ ìròyìn tí mò ń ṣe, mo wá mú wọn. Bọ́ọ̀sì wa bàjẹ́ ní Inísà. Dírẹ́bà ní òun ti pe ọkọ̀ mìíràn, pé ó ń dúró dè wá ní òdìkejì ojú irin. Àwọn èrò yòókù sáré kọjá, àwa méjèèjì ń tẹ̀lé wọn díẹ̀díẹ̀. Bàbá mi gbé ẹsẹ̀ kan kọjá irin àkọ́kọ́, wọ́n gbé èkejì. Irin kejì wá wà níwájú wọn gan-an bí ìloro ilé, wọ́n sì dúró.

"Ẹ sinmi díẹ̀, sà," ni mo sọ. Mo tiẹ̀ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ fèrè láti apá Ìkìrun.

Mo fà wọ́n. Àṣìṣe tí gbogbo wa nílé ti ń ṣe láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn nìyẹn, mo sì tún ṣe é níbẹ̀: bí mo ṣe ń fà ni ara wọn ń le sí i. Èmi náà kò tó ìdajì wọn. Mo bọ́ sẹ́yìn, mo tì wọ́n. Àyà wọn lọ síwájú, ẹsẹ̀ dúró, mo rí i pé orí irin ni wọ́n máa ṣubú sí, mo tún yára dì wọ́n mú. Ní òdìkejì, ajíhìnrere kan tó bá wa wọkọ̀ ti gbé ọwọ́ méjèèjì sókè.

"Bàbá, ẹ gbé ẹsẹ̀ ní orúkọ Jésù! Mo ní ẹ gbé e!"

"Ẹ wá bá mi gbé wọn!" ni mo kígbe.

Dírẹ́bà ti ń sáré bọ̀, ṣùgbọ́n ibi tó wà jìn. Òkúta abẹ́ ẹsẹ̀ wa ti ń gbọ̀n. Bàbá mi wá sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́, bí ẹni ń kọ́ ọmọ níwèé: "Fi mí sílẹ̀. Kúrò."

"N kò lọ, sà."

"Mo ní kúrò! Ìyá rẹ wà nílé."

Iṣẹ́ mi ti mú mi dé ibi ìjàǹbá púpọ̀. Mo ti bi àwọn ènìyàn léèrè pé kí ni wọ́n ń rò nírú àsìkò bẹ́ẹ̀, wọ́n á ní àwọn kò ro nǹkan kan, mo sì máa ń rò pé wọ́n ń fi pamọ́ ni. Wọn kò fi nǹkan kan pamọ́.

Obìnrin kan tó ń sá láfún níwájú wa dìde. Mo rò pé ó fẹ́ sá lọ ni. Ó da láfún inú abọ́ tánganran rẹ̀ sílẹ̀, ó yí ìdí abọ́ náà sókè, ó mú igi tó fi ń lé ewúrẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lù ú. Gbì, gbì, gbì-dì-gbì. Gbì, gbì, gbì-dì-gbì.

"Léfì! Ráìtì! Léfì! Tíṣà, ìlà ti ń lọ o! Léfì!"

O mọ ìlù yẹn. Òun ni wọ́n ń lù láàárọ̀ lẹ́yìn àdúrà, tí ìlà kọ̀ọ̀kan fi ń yan wọ kíláàsì. Kò ní ọ̀rọ̀ kankan nínú, ìrìn nìkan ló wà níbẹ̀. Ọmọ tí oorun ń kùn, ọmọ tí kò tíì jẹun, bó bá ti gbọ́ ọ, èjìká rẹ̀ á gbéra ṣáájú rẹ̀. Bàbá mi fúnra wọn ló sì máa ń lù ú, láràárọ̀, títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì.

Orúnkún òsì wọn gòkè. Kò wọ́, kò gbọ̀n; ó gòkè bíi ti sójà. Wọ́n fo irin kejì, wọ́n sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀, ọ̀tún tẹ̀lé e. Mo di apá wọn mú, èmi náà ń yan. Obìnrin náà ń fẹ̀yìn rìn níwájú wa, ó ń lu abọ́, ó ń pe léfì, àwa méjèèjì sì ń tẹ̀lé e wọ inú koríko. Ọkọ̀ náà gba ẹ̀yìn wa kọjá pẹ̀lú ariwo tó mú mi dití. Afẹ́fẹ́ rẹ̀ gbé láfún, ó fọ́n ọn sí wa lórí. Nígbà tí ọwọ́ obìnrin náà rẹ̀, tó dáwọ́ dúró, ẹsẹ̀ bàbá mi dúró lójú kan náà, ó sì tún lẹ̀ mọ́lẹ̀.

Mo jókòó sílẹ̀, mo sunkún. Ajíhìnrere dé, ó ń làágùn. "Ẹ rí i? Mo sọ fún yín pé orúkọ Jésù ń ṣiṣẹ́!"

"Àmín o, Ajíhìnrere," obìnrin náà dá a lóhùn. "Abọ́ mi ní kí ẹ má gbàgbé òun náà." Ó kúnlẹ̀ níwájú bàbá mi. "Ẹ kú ewu, sà. Ẹ ò lè mọ̀ mí mọ́. Èmi tí mo máa ń pẹ́ ni. Ẹgba méjì ni fún ẹni tó bá pẹ́ lórí ìlà. Ẹ̀yin náà pẹ́ lónìí, sà."

Àìsàn yẹn ti gba ẹ̀rín lójú bàbá mi tipẹ́, ojú wọn dúró gbagidi. Ṣùgbọ́n omi jáde níbẹ̀. "Ta ló kọ́ ọ ní ìlù lílù?"

"Ẹ̀yin ni. Mo bẹ̀ yín pé kí ẹ jẹ́ kí n lù ú, ẹ gba igi ìlù lọ́wọ́ mi, ẹ ní ọmọbìnrin kì í lù ú. Mo wá ń wo ọwọ́ yín láti orí ìlà. Ìyẹn gan-an ló ń mú mi pẹ́ wọ kíláàsì."

"Mi ò ṣe é dáadáa," ni bàbá mi sọ. "Má bínú."

"Ó ti tán, sà. Ẹ jẹ́ ká máa lọ." Ó sì gbé abọ́ rẹ̀.

Òun ló ń lu abọ́ níwájú wa títí a fi dé ìdí ọkọ̀. Kí ó tó padà, mo ní kó tún un lù, mo gbà á sílẹ̀ sórí fóònù mi. A dé Òkukù, ẹ̀gbọ́n wọn sì fojú kàn wọ́n.

Láti ọjọ́ náà, ìlù yẹn ni bàbá mi fi ń rìn. Mo fi í sórí fóònù tiwọn, fóònù á wà lápò wọn, wọ́n á yan láti ibùsùn dé pálọ̀, láti pálọ̀ dé balùwẹ̀. Bí iná kò bá sí láti fi ṣájì fóònù, ìyá mi á fi ọwọ́ lu ilẹ̀kùn. Lọ́jọ́ tí ìyá mi lọ sọ́jà, fóònù kú mọ́ wọn lápò. Nígbà tí ìyá mi padà dé, ó bá wọn tí wọ́n fi aṣọ ìnura gba ìdí, wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀, ẹsẹ̀ wọn ti wú. Wọn kò pe ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní àwọn kò fẹ́ kí ará ilé kejì rí àwọn bẹ́ẹ̀.

Mo ti pàdánù ọdún mẹ́ta nínú fífà. Ohun tí mo kọ́ lójú irin yẹn ni pé ẹsẹ̀ tí wọ́n bá ń fà kì í rìn, pípè ló ń fẹ́. Mo sì gbà pé bí a bá ṣáà ti ń pè é, á máa jẹ́ wa.

Ní ọdún yìí, ẹsẹ̀ náà kò fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ ìpè mọ́. Ìlù á máa lọ, bàbá mi á máa mi orí sí i, ẹsẹ̀ á dúró. Mo gbé ohùn fóònù sókè títí ó fi ń ya. Mo lọ bẹ obìnrin náà ní Inísà, ó gbé abọ́ rẹ̀ wá sí Ìkìrun, ó lù ú ní pálọ̀ wa títí igi fi ṣẹ́. Ìṣísẹ̀ mẹ́ta péré ni bàbá mi gbé.

Mo mú wọn lọ bá dókítà wọn ní Òṣogbo, mo sì béèrè bí mo ṣe ń bi àwọn aláṣẹ: kí ló kàn? Kò fi ọ̀rọ̀ yí mi ká. Ó ní kí n mú wọn padà wá lóṣù tó ń bọ̀ kí òun lè yí òògùn wọn padà. Lẹ́yìn ìyẹn, kẹ̀kẹ́ arọ ni, kí n wá bíríkìlà tó máa fẹ ẹnu ọ̀nà ilé wa sí i kó lè gbà á wọlé.

Mo bi í bóyá ká dáwọ́ ìlù náà dúró.

"Rárá o," ni ó wí. "Ẹ máa lù ú. Etí wọn ṣì ń gbọ́. Ẹsẹ̀ ni kò ní gbọ́ mọ́."