Èènì Inú Táǹkì

Ọkọ mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń wọn nǹkan kó dọ́gba. Ìrẹsì àti ẹ̀wà ló ń tà látìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n, tó bá sì ti wọ̀n ọ́n tán, á tún bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e. Tí oníbàárà bá ní, “Bàbá, ó ti tó,” á ní, “Ta ló ní kò tó? Èènì ni.” Bí gbogbo àdúgbò ṣe ń pè é ní Bàbá Èènì nìyẹn, tó fi jẹ́ pé èmi nìkan ló rántí orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Èmi náà kì í sì í fi pè é, àfi tó bá ṣẹ̀ mí gidi.

Ọkùnrin yìí ò lè da tíì sí kọ́ọ̀pù kó má kún dẹ́nu. Tó bá gbé e fún ẹ, wàá kọ́kọ́ tẹríba fún kọ́ọ̀pù náà, wàá fà á díẹ̀, kó o tó lè gbé e nílẹ̀. Mo ti bá a jà lórí ẹ̀ títí, ó ti sú mi.

Ó wá ní jíìpù kan. Jíìpù náà ti darúgbó, àmọ́ kò sí òkúta tí kò lè gùn, kò sì sí mọ́tò mìíràn tó lè gun òkè tí ọmọ wa obìnrin ń gbé. Olùkọ́ ni ọmọ yìí níbẹ̀. Láti kékeré la ti ń pè é ní Tíṣà, torí ó máa ń to gbogbo bàtà ilé jọ, á máa nà wọ́n pé wọn ò mọ̀wé.

Tíṣà lóyún, oyún àkọ́kọ́. Ọkọ rẹ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́ lójú òkun. Ó pè mí lórí fóònù pé dókítà ní òun ò gbọdọ̀ bímọ sórí òkè, pé ilé ìwòsàn ńlá tó wà nísàlẹ̀ lọ́dọ̀ wa ni kí òun wá. Mo ní kí ló dé. Ó ní, “Kò sí nǹkan kan, Mọ́mì. Ẹ sáà ní kí Dádì wá gbé mi.” Ẹ̀rín wà lóhùn rẹ̀, ìyẹn ni ò jẹ́ kí ẹ̀rù bà mí. Bàbá Èènì gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó ní, “Èmi fúnra mi ni màá gbé ẹ sọ̀kalẹ̀. Kẹ́nikẹ́ni má fi alùpùpù gbé ọmọ mi.”

Ẹyin sì lọ̀rọ̀. Jíìpù tó fi ṣèlérí yìí ń jẹ omi. Tó bá ti dé ìdajì òkè, níbi igi kan tó dá dúró, abẹ́rẹ́ tó ń sọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó á sáré lọ síbi pupa, èéfín funfun á bo ojú wa, a ó sì padà sílé. Táǹkì á ti gbẹ, ilẹ̀ abẹ́ ọkọ̀ náà á sì gbẹ. Mo ní, “Ibo ni omi ń gbà lọ?” Bàbá Èènì ní, “Òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́, ó ń mu ún ni.” Mo ní, “Àṣé ẹbí yín ni.”

A gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì kan tí wọ́n ń pè ní Jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, torí bí ilé bá ń jó, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ló máa fi sọ fún ẹ. Kò tiẹ̀ wo ọkọ̀ náà nígbà tó tutù. Ó ní kí a tàn án kó gbóná, ó pa á, ó jẹ́ kó rọlẹ̀ díẹ̀. Ó wá mú páńpù ọwọ́ bíi ti kẹ̀kẹ́, ó fi fẹ́ atẹ́gùn sínú táǹkì kékeré oníke tí omi rédíétọ̀ máa ń sá sí tó bá gbóná.

“Màmá, ẹ wá gbọ́.”

Mo tẹ́ etí sí i. Ó ń ṣe ṣíì, ṣíì. Ike náà ti là lábẹ́ irin tó dè é mọ́lẹ̀, kò sì nípọn ju irun lọ. Tó bá tutù, á panu dé. Tó bá gbóná, á yanu, omi á máa ta sórí ẹ́ńjìnnì, á sì gbẹ kó tó kanlẹ̀. Inú mi dùn débi pé díẹ̀ ló kù kí n gbá Jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ mọ́ra tòun ti gíríìsì.

Ó ní òun ò ní lẹ̀ ẹ́, pé ike tó bá ti gbó, ibi tẹ́ ẹ bá lẹ̀ lónìí, ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ló máa là lọ́la. Ó ní kí jórinjórin tó wà lójúlé kejì fi irin fífúyẹ́ ṣe òmíràn tó tóbi ju ti àtijọ́ lọ. Bàbá Èènì ní, “Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i.” Òótọ́ sì ni. Táǹkì tuntun náà ń dán yinrin, ó ní fèrèsé gíláàsì lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n fa ìlà pupa síbẹ̀ tí omi gbọ́dọ̀ mọ. Wọ́n pààrọ̀ ìdérí àti rọ́bà tí omi ń gbà kọjá. A gbé e yí àdúgbò ká, ẹ̀kán omi kan ò jò. Mo jó níbẹ̀, mi ò sì mọ ijó jó.

Àmọ́ kò ju ọjọ́ mélòó kan lọ tí omi tún ń tú jáde lẹ́nu ìdérí, tí gbogbo iwájú ọkọ̀ rin gbingbin. Ọjọ́ yẹn gan-an ni Tíṣà pè. “Mọ́mì, ìgbà wo lẹ ń bọ̀? Ikùn mi ti sọ̀.” A gbé ọkọ̀ náà padà sọ́dọ̀ Jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Mo bú u, mo bú jórinjórin mọ́ ọn. Jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ yọjú wo fèrèsé táǹkì, ó ní, “Ta ló ń da omi sí i?”

Bàbá Èènì gbáyà sókè. “Èmi ni. Láràárọ̀, kí n tó fọ ẹnu.”

“Ibo lẹ ń dà á dé?”

“Ìlà tó o fi hàn mí ni.” Ó ká ọwọ́ bí ẹni fẹ́ bu ìrẹsì. “Mo kàn ń fi èènì sí i.”

Mo jókòó sórí táyà kan. Mo pe orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́.

Jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. “Bàbá, omi tó bá gbóná máa ń wú. Àyè tẹ́ ẹ rí lókè ìlà yẹn, iṣẹ́ rẹ̀ ni kó ṣófo. Tómi ò bá ráyè, ó máa tì jáde. Ẹ fi àyè sílẹ̀.”

“Ká ṣe táǹkì ńlá, ká wá fi sílẹ̀ lófìfo?”

“Ìdí tó fi tóbi nìyẹn, Bàbá.”

Ó dùn ún wọra. Nígbà tí a gbéra lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbé kẹ́ẹ̀gì omi sábẹ́ ẹsẹ̀ mi, mo fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, torí mo mọ ẹni tí mo fẹ́. Lójú ọ̀nà, ó ní, “Ìyá Tíṣà, ṣé ká fi díẹ̀ kún un?” Mo ní, “Ẹ wo iwájú yín.” Nígbà tí a dé ibi igi yẹn, mo tẹjú mọ́ ibi pupa. Abẹ́rẹ́ dúró láàárín, kò mira. A kọjá igi náà. Bàbá Èènì bẹ̀rẹ̀ orin kan tí kò mọ̀, èmi náà ò mọ̀ ọ́n, a sì jọ kọ ọ́ dókè.

Mo rí ikùn Tíṣà, mo ní, “Èyí mà pọ̀ o.” Ó ní, “Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká máa lọ.” Bí a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, ibi igi yẹn náà ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí. Ó di ọwọ́ mi mú bíi pé ó fẹ́ fún omi inú rẹ̀. Bàbá Èènì wakọ̀ náà lórí òkúta bí ẹni gbé ẹyin dání, kò dúró níbì kan, àfi ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn.

Kò pẹ́ tí nọ́ọ̀sì fi jáde sí wa ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú ọmọ obìnrin kan nínú aṣọ funfun. Bàbá Èènì gbà á mọ́ra, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, kò nù ún. Nọ́ọ̀sì ò lọ. Ó ní, “Bàbá, ẹ fi àyè sílẹ̀ lápá kejì.” Nọ́ọ̀sì mìíràn ti ń gbé ọmọkùnrin bọ̀ lẹ́yìn.

Tíṣà sọ fún wa lẹ́yìn ìgbà yẹn pé òun ti mọ̀ tipẹ́ pé ìbejì ni. Ó ní tóun bá sọ fún Dádì, gbogbo oníbàárà rẹ̀ ló máa gbọ́ kílẹ̀ tó ṣú.

Ṣùgbọ́n nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn, mi ò tíì mọ nǹkan kan. Mo ń sunkún, mo ń rẹ́rìn-ín. Mo sáà ń tún un sọ ni, mi ò mọ ẹni tí mò ń sọ ọ́ fún: “Ó ti tó. Ó ti tó.”

Ọkọ mi wo apá ọ̀tún, ó wo apá òsì.

“Ta ló ní kò tó?” ó ní. “Èènì ni.”