Ta Ni Yóò Kúnlẹ̀ fún Ta

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ohùn ìyá àgbà méjì tí wọ́n ń kí ara wọn bí ẹni ń jà ló máa ń jí mi láràárọ̀.

Ọ̀kan ni ìyá bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, àwọn ló tọ́ mi dàgbà ní Ẹdẹ. Ìkejì ni Alhaja, ọ̀rẹ́ wọn tí ilé wọn kọjú sí tiwa. Alajue, ní Ẹdẹ níbẹ̀, ni wọ́n ti bí àwọn méjèèjì, àdúgbò kan náà ni wọ́n lọ́kọ sí, opó sì ni àwọn méjèèjì. Bí Màmá bá ti ṣí fèrèsé báyìí, wọ́n á ké pé, “Ṣé o ti jí, àbúrò mi?”

Alhaja á dáhùn láti ẹnu ọ̀nà wọn: “Àbúrò ta ni? Ìwọ tí mo gbé pọ̀n! Wá kúnlẹ̀ kí mi kí oòrùn tó yọ.”

“Kí n kúnlẹ̀ fún ọmọ ìkókó?”

Mi ò rí ọjọ́ tí ọ̀kan kúnlẹ̀ fún èkejì.

Ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ni Màmá. Mùsùlùmí ló pọ̀ jù ní àdúgbò wa, Onítẹ̀bọmi sì ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn Kristẹni tó kù. Bàbá àgbà kú nígbà tí bàbá mi ṣì wà ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ ìránṣọ tí wọ́n ń fọwọ́ yí ni Màmá fi tọ́ àwọn ọmọ wọn. Mo gbọ́ pé ìdajì àwọn ọmọ àdúgbò ló wọ aṣọ iléèwé tí wọ́n rán. Èyí tí mo lè jẹ́rìí sí ni tèmi, ó sì máa ń tóbi jù mí lọ ní gbogbo ìgbà, nítorí wọ́n ní mo ṣì ń dàgbà. Màmá tún sọ fún mi pé ní gbogbo ìgbà tí àwọn fi ń ṣọ̀fọ̀, Alhaja kò sùn sílé ọkọ wọn, orí ẹní àwọn ni wọ́n ń sùn. Nígbà tí ọkọ Alhaja náà kú, Màmá ká ẹní, ó di ọ̀hún.

Àpá kan wà ní ọrùn ọwọ́ òsì Alhaja, ó fẹ̀, ó ń dán. Mo bi wọ́n nígbà kan pé kí ló ṣe é. Wọ́n ní, “Epo gbígbóná ni. Mi ò tíì mọ ìrìn í rìn dáadáa nígbà náà, ṣe ni wọ́n ròyìn rẹ̀ fún mi.”

Lọ́dún tí mo parí yunifásítì, tí mo ń dúró de ìwé ìpè àgùnbánirọ̀, ìjọ wa fẹ́ ṣe ìdúpẹ́ fún àwọn àgbàlagbà tó ti pé ọgọ́rin ọdún, wọ́n sì fún Màmá ní fọ́ọ̀mù. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà, àwọn ọmọ Alhaja wá sọ pé àwọn yóò mú ìyá àwọn lọ sí Ìlọrin, nítorí ẹsẹ̀ kò gbé wọn mọ́. Sátidé ni wọn yóò lọ.

Màmá pè mí. “Ìwọ tó kàwé, bá mi wádìí ọdún mi. Òtítọ́ ni mo fẹ́ o.”

“Màmá, fọ́ọ̀mù yìí ò le tó bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká kọ ọgọ́rin.”

“Ta ní ń sọ ti fọ́ọ̀mù? Bí obìnrin yẹn bá jù mí lọ, láti kékeré ni mo ti ń rí i fín. Mi ò fẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀.”

Mo tú agolo bísíkíìtì tí wọ́n ń kó ìwé sí. Káàdì ìrìbọmi wọn wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọjọ́ ìrìbọmi nìkan ló wà lára rẹ̀, wọ́n sì ní ẹsẹ̀ àwọn làwọn fi rìn lọ síbẹ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì kíláàsì náà wà níbẹ̀, ìyẹn káàdì kékeré tí ìjọ máa ń fún wọn ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Wọ́n fi òwú ìránṣọ dì wọ́n lọ́dọọdún. Mo tò wọ́n sórí ẹní títí ẹní fi kún. Ti ọdún tí bàbá àgbà kú pàápàá pé. Wọ́n jẹ́rìí pé Màmá kì í fi ìjọ sílẹ̀, wọn kò sọ ọjọ́ tí wọ́n bí wọn.

Ó ku mọ̀lẹ́bí wọn kan ní Alajue, bàbá arúgbó tí ojú wọn ti fọ́. Mo gun ọ̀kadà lọ bá wọn.

“Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ ìyá àgbà rẹ?” ni wọ́n wí. “Mo wà níbẹ̀. Ọmọbìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn ti ọwọ́ bọ epo àkàrà. Gbogbo wa la gbàgbé orúkọ tí wọ́n fẹ́ sọ ọmọ.”

“Ọmọ ta ni, Bàbá?”

“Ọmọ ilé kejì. Ẹni tí ẹ ń pè ní Alhaja lónìí yẹn kọ́?”

Mo mọ̀ pé ẹlẹ́rìí kan kò tó, arúgbó sì lè da ọjọ́ kan pọ̀ mọ́ òmíràn. Ṣùgbọ́n mi ò dárúkọ àpá kankan fún wọn. Ọmọ tó ti ń kọ́ ìrìn lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ ọmọ mìíràn, yóò fi bí ọdún kan jù ú lọ. Mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún Màmá lálẹ́ ọjọ́ náà. Wọ́n ń fi òwú di àwọn tíkẹ́ẹ̀tì wọn padà.

“Ọdún kan,” ni wọ́n wí nígbẹ̀yìn. “Ọdún kan péré.”

Ní àárọ̀ Sátidé, Màmá kò ṣí fèrèsé. Wọ́n wọ aṣọ funfun tí wọ́n máa ń wọ̀ lọ gba oúnjẹ alẹ́ Olúwa, wọ́n mú ọ̀pá, a sọdá. Alhaja ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹrù. Màmá di èjìká mi mú, wọ́n tẹ orúnkún kan, wọ́n sinmi, wọ́n tẹ èkejì.

“Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀gbọ́n mi.”

Alhaja wò wọ́n, wọ́n wò mí. “Ta ló kú?”

“Kò sẹ́ni tó kú. Ẹ̀yin lẹ jù mí lọ. Ọmọ yìí ti wádìí rẹ̀ ní Alajue. Epo ọjọ́ ìsọmọlórúkọ mi ló jó yín lọ́wọ́.”

Alhaja fi ọwọ́ kejì bo àpá náà. “Epo wo? Agbada gàrí ló jó mi. Mo ti bímọ méjì nígbà náà. Ìwọ, kí ni wọ́n tilẹ̀ ń kọ́ yín ní yunifásítì?”

Mo rántí ohun tí Alhaja sọ fún mi nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Mo la ẹnu. Wọ́n tẹjú mọ́ mi, mo pa á dé.

“Ẹ dìde, ẹ̀gbọ́n mi,” ni wọ́n sọ fún Màmá. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo gbọ́ tí wọ́n fi “ẹ” bá Màmá sọ̀rọ̀. Nígbà tí Màmá kò dìde, Alhaja náà sọ̀ kalẹ̀ láti orí bẹ́ǹṣì, wọ́n kúnlẹ̀. Orúnkún mẹ́rin, kò sí èyí tó lè dìde nínú wọn. Èmi àti ọmọ Alhaja la gbé wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín, títí ẹ̀rín Màmá fi di ẹkún.

“Ó lé ní ọgọ́rin” ni mo kọ sínú fọ́ọ̀mù. Mi ò tíì sọ ohun tí mo mọ̀ nípa àpá yẹn fún Màmá. Ó ṣeé ṣe kí Alhaja ti gbàgbé ohun tí wọ́n sọ fún mi. Mi ò rò bẹ́ẹ̀.

Nígbàkigbà tí mo bá wá sílé báyìí, fóònù ni mo ń gbọ́ láàárọ̀.

“Ẹ káàárọ̀, ẹ̀gbọ́n mi.”

“Ẹ má pè mí bẹ́ẹ̀, mà. Èmi ni àbúrò.”

“Àbúrò ta ni?”

Wọ́n á jà á títí owó fóònù yóò fi tán. Ilé tó kọjú sí tiwa ti wà ní títì pa. Síbẹ̀, Màmá máa ń kọ́kọ́ ṣí fèrèsé kí wọ́n tó ní kí n bá àwọn tẹ nọ́ńbà.