Orí Yàrá Tèmi

Dàwódù ọmọ Làsísì mọ imú yín. Bí ó bá kọjá lára ẹni tí iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, yóò yínmú. Bí ó bá rí ilé tí wọ́n to táyà ọkọ̀ sórí òrùlé rẹ̀ kí atẹ́gùn má baà gbé e, yóò yínmú, yóò sì tutọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Fọ́ọ̀mànù ni ní ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe abọ́ tánńganran ní Ìkẹjà. Nígbà tí Sáàpù, ètò ìjọba tó mú ọrọ̀ ajé le koko, dé láyé àwọn ṣọ́jà, tí ilé iṣẹ́ ń lé òṣìṣẹ́ lọ lọ́tùn-ún lósì, wọn kò lé Dàwódù. Kì í ṣe pé ó mọ iṣẹ́ ju àwọn tó lọ o. Ìdọ̀bálẹ̀ fún ọ̀gá ló mọ̀. Àmọ́ ní tirẹ̀, ó gbà pé Ọlọ́run wo gbogbo Agége yíká, kò sì rí ẹlòmíì tó ní làákàyè.

Làsísì bàbá rẹ̀ ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá, ó ra ilẹ̀ sí Agége, ó sì kọ́ ilé gbọọrọ kan síbẹ̀. Nígbà tó kú, ẹbí fi ìdí igi pín ilé náà, ìyàwó kan, apá kan. Apá ọ̀tún bọ́ sọ́wọ́ Dàwódù, ọmọ ìyálé. Apá òsì bọ́ sọ́wọ́ Sìlífátù, àbúrò rẹ̀ obàkan. Wọ́n pín yàrá, wọ́n pín ẹ̀yìnkùlé, ṣùgbọ́n wọn kò pín òrùlé, torí ta ló ń pín òrùlé? Àwọn igi gígùn tó gbé páànù dúró lọ láti ìpẹ̀kun kan dé ìkejì. Làsísì fi irin dè wọ́n mọ́ ògiri ní apá Sìlífátù, níbi tí atẹ́gùn máa ń gbà wá. Kò sí irin kankan ní apá Dàwódù. Agbára apá kejì ló ń dì í mú.

Sìlífátù ti kúrò nílé ọkọ, ó ti padà sílé bàbá rẹ̀, ó ń ta àkísà tí àwọn mẹkáníìkì fi ń nuwọ́ ní àdúgbò Ọgbà. Páànù tuntun ti kọjá agbára irú rẹ̀ nígbà náà. Nítorí náà, lọ́dọọdún, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, yóò gun àkàbà fúnra rẹ̀, yóò fi ọ̀dà àti àkísà dí ihò, yóò kan ìṣó tó ti yọ padà, yóò sì to táyà àti búlọ́ọ̀kù lé e. Kò dùn ún wò, ká má parọ́.

"Sìlífátù, ṣé o fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù fọkanáísà sórí ilé bàbá wa ni?" Dàwódù ló dúró sójú títì tó ń sọ bẹ́ẹ̀, kí aládùúgbò lè gbọ́.

"Ẹ máa rẹ́rìn-ín, bọ̀dá mi. Atẹ́gùn ò ní bá yín rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ ká jọ tún un ṣe lódindi, ká fi irin de apá tiyín náà."

"Èmi àti ta? Èmi àti dálémoṣú? Orí yàrá tèmi ni màá tún ṣe."

Ó sì tún un ṣe lóòótọ́. Nígbà ọyẹ́, ó pe Shuaib kápẹ́ńtà, ó ra páànù tó ń kọ mànà, ó sì ní kí wọ́n kan ìṣó súnmọ́ ìṣó. Nígbà tí iṣẹ́ fẹ́ parí, ó nàka sókè.

"Gé àwọn igi yẹn, lórí ògiri tó pín wa."

Shuaib wò ó. "Ẹ̀gbọ́n, igi yẹn dáa o."

"Mi ò fẹ́ kí ìṣó mi máa bá ẹnikẹ́ni di páànù tó ti dípẹtà mú. Gé e!"

"Ó dáa, ẹ jẹ́ ká wá fi irin de tiyín mọ́ ògiri."

"Irin kí ni? Gbogbo ìṣó tí o kàn yìí ò tó?"

Shuaib fa ayùn. Sìlífátù gbọ́ ọ, ó sáré jáde pẹ̀lú ọ̀dà lọ́wọ́. "Bọ̀dá mi, igi bàbá wa nìyẹn o!"

"Bàbá wa ti kú," ni Dàwódù wí, ó sì yínmú.

Àkọ́rọ̀ òjò dé ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan. Ojú ọ̀run ṣú dùdù láti ọ̀nà Ọgbà. Fàúsát, ìyàwó Dàwódù, ń kó aṣọ wọlé. Ọkọ rẹ̀ gbé àga síta, ó jókòó, ó ń dúró kí táyà àbúrò rẹ̀ fò. Ó wù ú kó fò. Irú èèyàn tó jẹ́ nìyẹn.

Táyà kan já lóòótọ́, ó yí lọ sínú gọ́tà. Kí Dàwódù tó rẹ́rìn-ín tán, atẹ́gùn gba ojú ibi tí wọ́n gé wọlé sábẹ́ páànù rẹ̀. Ìṣó rẹ̀ kò yẹ̀ rárá, ohun tó sì kó bá a nìyẹn. Páànù di igi mú, igi di páànù mú, kò sí ohun tó di igi mú mọ́ ògiri. Òrùlé náà ṣí lódindi bí ìdérí ìkòkò, ó fò kọjá títì, ó sì dojú dé sórí ilẹ̀ òfìfo. Afẹ́fẹ́ fẹ́, Agége rí fùrọ̀ adìyẹ: aládùúgbò tó yọjú wò rí i pé lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì fọ́ọ̀mànù, abọ́ tánńganran tó ti ń jí kó nílé iṣẹ́ tò jọ gègèrè, òjò ń rọ̀ sínú wọn.

Fàúsát kò dúró wò wọ́n. Ó ti kó àwọn ọmọ wọ yàrá Sìlífátù. Dàwódù dúró láàárín ògiri mẹ́rin nínú òjò, ó ń retí kí wọ́n wá bẹ̀ ẹ́ kó wọlé. Ẹnikẹ́ni kò wá. Nígbà tí eyín rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ara wọn, ó gbé ẹní rẹ̀ tó ti rin gbingbin, ó sì wọlé lọ bá àbúrò rẹ̀ lábẹ́ táyà. Ibi tó kù fún un ni ẹ̀gbẹ́ ògiri tó pín wọn. Ó sùn sílẹ̀ níbẹ̀, ó kọjú sókè, omi sì bẹ̀rẹ̀ sí í kán sí i níwájú orí.

Imú yínyín kì í tán lára ẹni tó bá mọ́ lára.

"Sìlífátù! Òrùlé ẹ ń jò o!"

"Mo mọ̀, bọ̀dá mi," ni Sìlífátù wí, ó ń ti abọ́ kan sún mọ́ orí rẹ̀. "Ibi tí ẹ ti gé e ni."