Jayéọlá Kú, Wọ́n Gbé Àwòrán Olúdáre Jáde

Jayéọlá Títíloyè ti kú. Ẹ jẹ́ kí n tètè dárúkọ ẹni tó kú, torí pé ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣàn tó sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká níbí ní ìlú Benin kò mọ̀ ọ́n. Nígbà tí wọ́n kéde ikú rẹ̀ lórí ìròyìn, àwòrán Olúdáre ni wọ́n gbé jáde, ọkùnrin tí Jayéọlá fẹ̀yìn rẹ̀ gbálẹ̀ nínú ìdíje ìbéèrè wọn. Olúdáre wà láàyè. Ó jókòó sílé ní Ikpoba Hill, ó ń jẹ ẹ̀bà, ló bá rí ara rẹ̀. Òkèlè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kó tó fọwọ́ tán, àwọn aládùúgbò ti ń sunkún lẹ́nu ọ̀nà.

"Ah, ẹ̀gbọ́n! We hear say you don die!"

"Èmi kọ́ o! Na the man wey beat me die!"

Yorùbá ní ọjọ́ a bá kú là ń dère, èèyàn ò sunwọ̀n láàyè. Jayéọlá kú tán, wọ́n gbẹ́ ère náà lóòótọ́, ojú Olúdáre ni wọ́n fi sí i.

Ẹ rántí Jayéọlá, àbí? Òṣìṣẹ́ ilé-ìkàwé yunifásítì, ó ga gbọọrọ, fìlà rẹ̀ kì í dúró lórí. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, díẹ̀ ló kù kí wọ́n lé e. Ẹni tó bá kọ́kọ́ tẹ agogo ló ń dáhùn, Jayéọlá sì mọ ìdáhùn, ṣùgbọ́n ẹni tó jókòó tì í jù ú lọ. Ṣé ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé á ṣáájú àgbà sọ̀rọ̀? Ó káwọ́ sẹ́yìn, ó ń dúró de àgbà. Àgbà ò mọ nǹkan kan.

"Oga, press the bell now!" Olóòtú ètò ti fẹ́ ya wèrè.

Láti ọjọ́ náà ló ti ń tọrọ àforíjì kó tó tẹ̀ ẹ́. "Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n." Gbìn! "Ẹ má bínú, mà." Gbìn! A ó pa ṣọ́ọ̀bù tì ní Siluko Road, a ó máa bá a wí i. Àwọn ọmọ wa tó jẹ́ pé Pidgin ni wọ́n fi ń dá wa lóhùn, ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ "ẹ má bínú."

Oríta wo ni ilé-iṣẹ́ yẹn ò gbé ojú rẹ̀ kọ́ sí? Ṣùgbọ́n nígbà tí rọpárọsẹ̀ dá a dùbúlẹ̀ ní Ugbor, tó sì gba ohùn lẹ́nu rẹ̀, ta ló wá kí i nínú wọn? Ẹni tó ń dáhùn ìbéèrè gbogbo ayé kò lè dá ìyàwó rẹ̀ lóhùn mọ́. Ó dùn mí gan-an.

Ẹ̀yìn àìsàn yẹn ni wọ́n bí ọmọ-ọmọ rẹ̀, Èyítọ́pẹ́. Kò gbọ́ ohùn bàbá àgbà rí. Nítorí rẹ̀ ni Morọ́láyọ̀, ìyàwó Jayéọlá, ṣe lọ bẹ ilé-iṣẹ́ náà lẹ́yìn ìsìnkú pé kí wọ́n fún òun ní ẹ̀dà ètò kan péré.

"Mama, no vex," ni akọ̀wé wí. "We don clear am. Na agbo advert dey there now."

Àgbo jẹ̀díjẹ̀dí! Ẹ̀yin èèyàn mi, àgbo jẹ̀díjẹ̀dí ló jogún Jayéọlá.

Làmídì, tó ya fídíò fún wọn kó tó fẹ̀yìntì, sọ fún mi pé wọn ò tíì nu gbogbo rẹ̀. Àwọn téèpù kan ṣì wà nínú yàrá tó wà lẹ́yìn ilé. Kọ́kọ́rọ́ ló sọnù, ìmẹ́lẹ́ ni kò sì jẹ́ kí wọ́n wá a.

Ọ̀gá àgbà, ẹ̀yin ni mò ń bá wí. Ẹ tọrọ àforíjì lórí ìròyìn kan náà, kẹ́ ẹ fi ojú ẹni tó kú hàn wá. Ẹ pe wẹ́dà kó já ilẹ̀kùn yẹn. Bí ẹ ò bá rí téèpù kankan níbẹ̀, ẹ dárúkọ ẹni tó ní kí wọ́n nù ún. Kó wá sí Ugbor, kó jókòó síwájú Èyítọ́pẹ́, kó sì sọ fún un lójúkojú pé ohùn bàbá àgbà rẹ̀ kì í ṣe nǹkan tó yẹ kéèyàn tọ́jú.