Ìbéèrè Tí Àmírátù Ṣì

Nígbà tí Ìdíríìsì wà láyé, ọkọ̀ akẹ́rù ló ń wà láti Atakpamé lọ sí Anié àti Elavagnon. Kò sí kásẹ́ẹ̀tì mìíràn nínú ọkọ̀ náà ju ti Gérard Lamori lọ, òyìnbó olórin róòkì tó máa ń ta gìtá bí ẹni tí inú ń bí. Bí Àmírátù ìyàwó rẹ̀ bá bá a lọ ra àgbàdo lóko, ìbéèrè nípa olórin náà ni ọkọ yóò máa bi í lójú ọ̀nà. Níbo ni wọ́n bí Lamori sí? Kí ló gé e níka? Bí ìyàwó bá gbà á, ọkọ á tẹ fèrè ọkọ̀ kíkankíkan, àwọn ará oko á sì máa wò wọ́n.

Ọdún kẹta rèé tí Ìdíríìsì ti kú. Nàfísàt, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, wà ní Lomé. Àmírátù ṣì ń ta àgbàdo lọ́jà, ṣùgbọ́n bó bá délé, ohùn ara rẹ̀ nìkan ló ń gbọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan, rédíò ìlú ní kí ẹni tó bá mọ ìtàn Lamori pè wọ́n. Àmírátù gbọ́ ọ níbi tó ti ń tajà lọ́jà. Ó pè.

Laetitia, ọmọbìnrin orí rédíò, bi í ní ìlú tí wọ́n bí olórin náà sí. Ó gbà á. Ó bi í ní ohun tó gé e níka.

"Ẹ̀rọ tí bàbá rẹ̀ fi ń la pákó ni."

Ó tún gbà á. Honorine tó ń ta iyọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pàtẹ́wọ́.

"Ìyá, ó ku ẹyọ kan. Ta ni Lamori kọ orin *Mira* fún?"

Èyí kò gba ìrònú. Nígbà tí Ìdíríìsì ń dẹnu ìfẹ́ kọ ọ́ ló ti sọ fún un pé: "Ìyàwó rẹ̀ ló kọ ọ́ fún. Mira ni ìwọ náà yóò máa jẹ́ lẹ́nu mi."

"Ìyàwó rẹ̀ ni," ni Àmírátù wí.

"Ó mà ṣe o, Ìyá. Ajá rẹ̀ ni."

Ẹ̀rín sọ láàárín ọjà. Àmírátù náà rín in títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Honorine, o ò rí irọ́ tí ọkùnrin yìí fi fẹ́ mi!"

Nígbà tó délé, ó pe Nàfísàt kó lè ròyìn fún un.

"Ìyá, ẹ má bínú, mo wà lẹ́nu iṣẹ́. Màá pè yín padà."

Kò pè. Àmírátù jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ìjà dídùn kan kún un lẹ́nu, irú èyí tí tọkọtaya máa ń fi ẹ̀rín parí, ẹni tí yóò bá jà ni kò sí.

"Ajá, Bàbá Nàfísàt?" ló wí sí àgbàlá tó ṣófo. "Ajá lẹ fi tàn mí wọlé yín?"

Adìyẹ kan gbórí sókè, ó wò ó, ó tún padà sídìí jíjẹ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n pe ìrun Mọ̀gàríbì, Àmírátù dìde, ó bu omi, ó lọ ṣe àlùwàlá.