Yukulélé Mi àti Lẹ́tà Kan Tí Mo Pa Rẹ́

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ìsọlọ̀, kò sí ọmọ tó dá ara rẹ̀ lójú bí èmi ní gbogbo àdúgbò wa. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi ẹ ó rántí ìgbà tí owó epo wọ̀lú: ilé tuntun ń yọ lójoojúmọ́, eruku sìmẹ́ńtì ń bà lé aṣọ tí a sá, gbogbo ẹni tó bá sì ti òkè òkun dé ló ń gbé ohun tí a kò rí rí bọ̀. Àbúrò ìyá mi gbé yukulélé bọ̀ fún mi. Ó dà bí gìtá, àmọ́ kò gùn ju apá ọmọdé lọ, okùn mẹ́rin péré ló sì ní. Ọmọ gìtá là ń pè é nínú ọgbà wa.

Inú bàbá mi kò dùn sí i. Lọ́jọ́ tí mo gbé ẹ̀wà kaná, tí mo jókòó ti ọmọ gìtá títí ẹ̀wà fi jó mọ́ ìdí ìkòkò, orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà, ọwọ́ méjèèjì lókè, títí apá mi fi ń gbọ̀n. A sì jẹ ẹ̀wà náà bẹ́ẹ̀, tòun ti òórùn èéfín. Bàbá mi wá ní bí ẹ̀gbọ́n wọn, Bàbá Ṣàgámù, bá dé ní ọ̀sẹ̀ méjì sí i, tí n kò bá lè ta odidi orin kan, wọn yóò gbé ọmọ gìtá náà lọ fún ọmọ wọn tó ní tíṣà orin ní ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀.

Mo ní ó ti tán. Mo tilẹ̀ yan orin tó le jù. Ìyá mi ń ta aṣọ ní ọjà Aswani, orin fíìmù Íńdíà kan sì wà tí wọ́n máa ń fi imú kùn bí wọ́n bá ń ká aṣọ. Wọn kì í la ẹnu kọ ọ́. Orin náà máa ń ṣe mí bíi kí n sunkún, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ ẹ.

Bùrọ̀dá Gbóyè, ayálégbé wa, ọmọ Ìlá tó ń kọ tẹ́nọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ló kọ́ mi. Wọ́n tẹ́tí sí orin náà níbi tí ìyá mi ti ń kùn ún.

"Orin yìí kì í gbé ọ̀dọ̀ do. Ọ̀dọ̀ mi ló ń gbé."

"Rárá o, ẹ̀gbọ́n. Ọ̀dọ̀ ìyá mi ni."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní mi inú do re mi ni àwọn ń sọ, pé ibẹ̀ ni orin náà ti ń jáde, ibẹ̀ ló sì ń padà sí. Wọ́n fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sínú ìwé mi: m f se l t d r m. Wọ́n ní kí n mú ọ̀kan, kí n fo ọ̀kan, kí n tún mú ọ̀kan. M, se, t, kọ́ọ̀dù kìíní nìyẹn, ohùn mẹ́ta tí a ń ta pọ̀. F, l, d, ìkejì. Wọ́n ní méjèèjì ti tó gbé orin náà. Lọ́jọ́ kejì wọ́n lọ sí Ìlá.

Ó ku èmi àti ìwé. Méje ni ohùn tí a kọ́ mi ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi, kò sì sí èyí tó ń jẹ́ se nínú wọn. Mo ní ọwọ́ Bùrọ̀dá ló yọ̀. Mo mú ìrésà, mo pa e rẹ́, ó ku s, ìyẹn so. Okùn tó ń jẹ́ s sì ti wà lára ọmọ gìtá láti ilé, n kò tilẹ̀ ní fi ìka tẹ̀ ẹ́. Mo yin ara mi gan-an ni.

Ọjọ́ mẹ́wàá gbáko ni mo fi ta á. Bí mo bá ti dé kọ́ọ̀dù kìíní, ìyá mi á mi orí. Wọ́n á ní, "Tèmi kọ́ nìyẹn." Ẹ̀rù wá ń bà mí, àmọ́ n kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ó ku ọ̀la kí Bàbá Ṣàgámù dé ni Bùrọ̀dá Gbóyè padà. Wọ́n wo ìwé mi.

"Ta ló pa e yìí rẹ́?"

"Èmi ni. Mo bá yín tún un ṣe ni."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. "So tó gòkè díẹ̀ là ń pè ní se. Tẹ okùn so yẹn sí ẹ̀yìn irin kìíní tó wà lọ́rùn rẹ̀."

Mo tẹ̀ ẹ́. Orin ìyá mi ló jáde. Ojú tì mí, ni mo bá ní èmi náà ti ń fura tẹ́lẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí Bàbá Ṣàgámù jẹ ìkọ́kọrẹ́ tán, mo bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo tún un ta lẹ́ẹ̀kejì, ìyá mi ti ilé ìdáná jáde tọwọ́ tomi, wọ́n la ẹnu, wọ́n sì fi èdè Íńdíà tí àwọn nìkan gbọ́ kọ orin náà dé òpin. A kò mọ̀ pé wọ́n ní irú ohùn bẹ́ẹ̀. Bàbá Ṣàgámù wo bàbá mi, wọ́n ní, "Fi í sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀. Ó mọ ohun tó ń fi í ṣe."

Lónìí, orí fóònù ni ọmọ-ọmọ mi ti ń kọ́ yukulélé ní Òkè-Àfà. Àwòrán ń fi ibi tí ìka rẹ̀ yóò dé hàn án, kọ́ọ̀dù méjèèjì sì mọ́ ọn lọ́wọ́ kí omi ìrẹsì mi tó hó. Mo sọ fún un pé mo ṣì mọ̀ ọ́n ta jù ú lọ, òótọ́ sì ni. Àmọ́ ó ti gba ohùn ìyá rẹ̀ sílẹ̀ sórí fóònù náà níbi tí àwọn méjèèjì ti jọ ń kọrin. Ìyá mi ti lọ. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọrin yẹn, rédíò alákásẹ́ẹ̀tì tuntun wà lórí tábìlì wa, kásẹ́ẹ̀tì òfìfo wà nínú rẹ̀. Gbogbo wa la wà nídìí rẹ̀, kò sí ẹni tó rántí láti tẹ̀ ẹ́.