Ohun Tí Mò Ń Sọ fún Fóònù

Nígbà tí ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì mi ku dẹ̀dẹ̀, ẹnu mi máa ń gbẹ kí n tó sọ̀rọ̀. Mo fẹ́ lọ kẹ́kọ̀ọ́ nípa ẹ̀sìn lókè òkun, tíṣà mi sì ti kìlọ̀ pé olùdánwò máa bi mí nídìí ẹ̀. Irú ìbéèrè wo nìyẹn fún ọmọ àáfà? Mo ti ilẹ̀kùn yàrá mi nílé wa nítòsí Sábó n'Ífẹ̀, mo ń sọ ọ́ sínú fóònù ní Gẹ̀ẹ́sì pé mo fẹ́ wo ẹ̀sìn tí wọ́n bí mi sí bíi ti ẹni tí kò sí nínú ẹ̀.

Bàbá mi, tí wọn ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, gbọ́ ohùn mi láti ìta. Wọ́n rò pé àlùjọ̀nnú ló ń bá mi sọ̀rọ̀. Wọ́n gbé ife hàntú wọlé, omi tí wọ́n fi fọ ọ̀rọ̀ Kùráánì kúrò lára wàláà.

"Ẹ má bínú, Bàbá. Ìdánwò ni mò ń múra fún."

Ọkàn wọn balẹ̀. Wọ́n gbé ife náà fún mi, wọ́n jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì.

"Ó dáa. Sọ ọ́ ní Yorùbá kí n gbọ́."

Mo gbé omi náà sẹ́nu, mo rọra ń mu ún. Mi ò fẹ́ kó tán.